A Kì í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Kí Ló Wà Nínú Ẹlẹ́rìndòdò Tí À Ń Mu?

  

Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìbéèrè kan ti ń wọlé sórí fóònù mi. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ béèrè, ẹgbẹ́ alásàlátù béèrè, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún fi ohùn ránṣẹ́, ó ní kí n má fi òun ṣeré, kí n dá òun lóhùn. Ìbéèrè náà ni pé: ṣé òótọ́ ni pé ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà, èyí tí wọ́n kọ "zero" tàbí "diet" sí lára, ń fa àrùn jẹjẹrẹ? Àwọn míì tún ní kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn tí wọ́n ń dà sínú mínírà.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn kì í ka ọ̀rọ̀ gígùn dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn síwájú. Adùn àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà kì í ṣe májèlé ní ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ wa ń mu ún. Kì í sì í ṣe oògùn. Ohun tó ń ṣe wá ní jàǹbá jù nínú ìgò mínírà ni ṣúgà fúnra rẹ̀, òun gan-an ni a kì í sì í bẹ̀rù. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀, kó bá mi kálọ.

*OHUN TÓ MÚ MI KỌ Ọ́*

Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún ó lé kí n tó fẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ nínú ọdún yẹn ni mo lò ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà, mo sì rí ohun tí àtọ̀gbẹ, tí ẹlòmíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ń fi ojú èèyàn rí. Mo ti bá wọn wẹ egbò ẹsẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Mo ti di ọwọ́ ìyá kan mú ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà ní àtọ̀gbẹ. Ó ń gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu. Ó ń lo oògùn rẹ̀ lásìkò, ó dín òkèlè kù, ó ń rìn yípo àdúgbò ní ìdájí. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè fi sílẹ̀ ni mínírà tútù lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Dókítà ní bí kò bá lè fi sílẹ̀ pátápátá, kó máa mu èyí tí kò ní ṣúgà, ìgò kékeré kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ṣúgà ara rẹ̀ sì dúró dáadáa.

Lọ́dún 2023, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé adùn inú "zero" ń fa jẹjẹrẹ, kí gbogbo èèyàn dà á nù, kí wọ́n sì fi ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá. Ẹ̀rù bà á. Ó da gbogbo èyí tó wà nínú fíríìjì rẹ̀ nù. Ìyẹn kò burú. Ibi tó ti burú ni pé kò lọ sídìí omi. Ìdí mínírà oníṣúgà ló padà sí. Ó ní ó kéré tán, inú ìrèké ni ṣúgà ti wá, Ọlọ́run ló dá ìrèké.

Nígbà tí mo máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó ń dìde tọ̀ ní ìgbà márùn-ún lóru, òùngbẹ kò sì tán lọ́fun rẹ̀. A wọn ṣúgà rẹ̀, ó jẹ́ 387. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ṣúgà nílé, ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ní kí ẹ padà sídìí èyí?" Ó wò mí lójú, ó ní, "Àbúrò mi, jẹjẹrẹ ni mò ń sá fún."

Bóyá ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rò pé òun ń ṣoore ni. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló fi ránṣẹ́. Ìdajì yòókù ni mo fẹ́ sọ fún yín.

*1. KÍ NI WỌ́N SỌ GAN-AN LỌ́DÚN 2023?*

Orúkọ adùn tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí ni aspartame. Ó wọ́pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po 200 dùn ju ṣúgà lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bíńtín ni wọ́n ń fi sínú ìgò. Ìgbìmọ̀ méjì tó wà lábẹ́ àkóso Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ló yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde pa pọ̀ ní oṣù keje ọdún 2023.

Ìgbìmọ̀ kìíní ń jẹ́ IARC. Iṣẹ́ tiwọn ni láti béèrè pé: ǹjẹ́ nǹkan yìí lè fa jẹjẹrẹ rárá? Wọn kì í béèrè iye tí èèyàn máa mu kó tó ṣe é ní nǹkan. Wọ́n fi aspartame sí ìpele 2B, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti fi sọ̀rọ̀ gbáko. Ẹ gbọ́ o: inú ìpele 2B yìí kan náà ni oje odindi ewé ahọ́n erin wà, ìyẹn Aloe vera tí ọ̀pọ̀ wa gbìn sẹ́yìn ilé. Sìgá àti ọtí tó ń pani ní tiwọn wà ní ìpele kìíní, níbi tí kò ti sí iyèméjì mọ́.

Ìgbìmọ̀ kejì ń jẹ́ JECFA. Àwọn ló ń béèrè pé: èló ni èèyàn lè jẹ lójúmọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láìsí ewu? Wọ́n ní ìwọ̀n tí àwọn ti fi lélẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò yí padà: mílígíráàmù 40 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá wọ̀n. WHO fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún wa. Bí agolo ẹlẹ́rìndòdò kan bá ní mílígíráàmù 200 tàbí 300 nínú, àgbàlagbà tó wọn kílò 70 yóò mu ju agolo 9 sí 14 lọ lóòjọ́ kan kó tó kọjá ààlà. Ta ló ń mu agolo mẹ́sàn-án lóòjọ́? Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, a ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ.

Ṣé ẹ ti rí i? Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ kìíní kiri, wọ́n fi ti èkejì sílẹ̀.

Àwọn kan wà tí aspartame kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu wọn. Àwọn ni wọ́n bí mọ́ àìsàn kan tó ń jẹ́ phenylketonuria, tí ara wọn kò lè lọ phenylalanine tó wà nínú rẹ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n nítorí tiwọn ni ẹ ṣe ń rí ọ̀rọ̀ náà, phenylalanine, lára ìgò.

*2. Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN EKU*

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe tuntun. Èyí tó lọ́jọ́ lórí jù nínú àwọn adùn àtọwọ́dá ni saccharin. Lọ́dún 1879, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Constantin Fahlberg ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ní kò fọwọ́ kó tó jókòó ti oúnjẹ. Búrẹ́dì tó mú lọ́wọ́ wá ń dùn lẹ́nu rẹ̀ lọ́nà tí kò yé e. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn pé ohun tí òun ń pò pọ̀ níbi iṣẹ́ dùn ju ṣúgà lọ. Èmi nọ́ọ̀sì kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn kọ́gbọ́n o. Ẹ máa fọwọ́ yín.

Lọ́dún 1977, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ fòfin de saccharin nítorí pé àwọn eku tí wọ́n fún ní púpọ̀ rẹ̀ ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Ariwo sọ. Wọn kò fòfin dè é mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n máa kọ ìkìlọ̀ sí ara ohun tó bá ní in nínú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ túbọ̀ wádìí, wọ́n rí i pé ọ̀nà tó gbà ṣe àwọn eku yẹn ní jàǹbá jẹ mọ́ bí ìtọ̀ eku ṣe rí, kì í ṣe bí tèèyàn ṣe rí. Lọ́dún 2000, wọ́n yọ ìkìlọ̀ náà kúrò. Odidi ọdún mẹ́tàlélógún ló gbà kí ọ̀rọ̀ tó yanjú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe sobo àti kunu tà, mo ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú yín níbí. Ẹ mọ saccharin, ẹ̀ ń rà á lọ́jà, nítorí owó pọ́ọ́kú ló ń dùn ju àpò ṣúgà lọ. Ìwọ̀n tí JECFA fi lélẹ̀ fún un jẹ́ mílígíráàmù 5 péré fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n. Ọmọ tó wọn kílò 20, mílígíráàmù 100 ni ààlà tirẹ̀ lójúmọ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù nìyẹn, kò tó ohun tí ìka méjì máa bù. Ilé iṣẹ́ ńlá ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èwo ni tiwa, tó jẹ́ pé ṣíbí la fi ń bù ú sínú ìkòkò, tí a óò tún tọ́ ọ wò, tí a óò ní kò tíì dùn tó? Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Sobo tó jẹ́ omi ìṣápá pupa, bí ẹ bá fi ọ̀pẹ òyìnbó tàbí ọsàn sí i, ó ń dùn mọ́ni lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó dùn níwọ̀n.

*3. ṢÚGÀ GAN-AN Ń KỌ́?*

Ó yá, ẹ gbé ìgò mínírà kan, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "sugars" sí. Nínú ọ̀pọ̀ mínírà oníṣúgà, ẹ óò rí i pé ó tó gíráàmù 10 nínú mílílítà 100, tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìgò 50cl kan ní gíráàmù 50 nínú nìyẹn. Ṣíbí ìpotíì kan ń gba nǹkan bí gíráàmù 4. Ìyẹn ni pé ṣíbí ṣúgà méjìlá ó lé ló wà nínú ìgò kan ṣoṣo. Ta ló máa bu ṣíbí ṣúgà méjìlá sínú kọ́ọ̀bù tíì kan tí a kò ní di ọwọ́ rẹ̀ mú? Ṣùgbọ́n nítorí pé ó tutù, tí ó ń hó lẹ́nu, a ó gbé e mu tán kí àlejò tó jókòó dáadáa.

Lọ́dún 2015, WHO ní kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára oúnjẹ òòjọ́ lọ. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, nǹkan bí gíráàmù 50 nìyẹn. Wọ́n ní bí a bá lè dín in kù sí nǹkan bí 25, ó tún sàn jù. Ìgò kan péré ti gbé gbogbo ìpín òòjọ́ tán. A ò tíì ka ti tíì àárọ̀, a ò tíì ka ti bisikíìtì.

Ẹni tó bá ń mu irú ìgò bẹ́ẹ̀ kan lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, gíráàmù 1,500 ṣúgà ló mu. Páálí ṣúgà onígíráàmù 500 mẹ́ta nìyẹn lóṣù kan. Bí mo bá gbé páálí mẹ́ta náà ka iwájú yín, tí mo ní kí ẹ fi ṣíbí jẹ ẹ́ tán kí oṣù tó parí, ẹ óò ní mo fẹ́ pa yín ni.

Lórí èyí kò sí àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀. Mímu ẹlẹ́rìndòdò oníṣúgà nígbà gbogbo ń mú kí ara sanra, ó ń mú kí àtọ̀gbẹ tètè dé, ó ń jẹ eyín, ó sì ń ṣe àkóbá fún ọkàn. Ìdí rẹ̀ wà lára ìdí tí ìjọba Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà ẹlẹ́rìndòdò aládùn kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2022. Àwọn àgbà wa kò ní òṣùwọ̀n ṣúgà nígbà tiwọn, ṣùgbọ́n bí èèrà bá ti ṣù bo ibi tí ẹnìkan tọ̀ sí, wọ́n mọ̀ pé nǹkan ń bẹ.

*4. ṢÉ KÁ WÁ MÁA MU "ZERO" BÍ ẸNI MU OMI?*

Rárá o. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 kan náà, WHO gba aráyé nímọ̀ràn pé kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé adùn àtọwọ́dá láti fi din ara kù. Ìdí ni pé nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí jọ, kò hàn pé ó ń dín ọ̀rá ara kù bó bá pẹ́. Àwọn kan tó ń mu ún fún ọdún púpọ̀ tiẹ̀ tún ń ní àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ síbí. Ẹni tí òjò ń pa ló ń ṣí agbòjò, a kò sì lè sọ pé agbòjò ló fa òjò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń mu "zero" jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ti tóbi tẹ́lẹ̀, tàbí tí dókítà ti kìlọ̀ fún. WHO náà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ pé ìmọ̀ràn náà kò le koko. Wọ́n sì sọ gbangba pé kò kan ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò rí ìyẹn kà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀.

Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí kò ní ṣúgà sàn ju èyí tó ní ṣúgà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n omi sàn ju méjèèjì lọ. "Zero" kò ní ṣúgà, ṣùgbọ́n ó ní ásíìdì tó ń jẹ eyín. Ó sì ń mú kí ahọ́n máa retí adùn ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi ṣe àtẹ̀gùn tí ẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ṣúgà, ẹ má fi ṣe ilé. Ohun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹnu kò sí ni pé omi tútù tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ni kó máa mu lọ́sàn-án, kí "zero" di ti òde àríyá nìkan. Ó ráhùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ló ní mínírà ti wá dùn jù lẹ́nu òun.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Àwọn mínírà kan wà nísinsìnyí tó jẹ́ pé ṣúgà wà nínú wọn, adùn àtọwọ́dá náà wà nínú wọn. A kò kọ "zero" sí wọn lára. Ẹni tó bá ń sá fún ọ̀kan, kó má rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tí ẹ óò wá ni aspartame (951), acesulfame K (950), sucralose (955), saccharin (954), cyclamate (952). Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n máa ń kọ nígbà míì.

*5. ÀWỌ̀ ÀTI ÈRÒJÀ TÍ KÌ Í JẸ́ KÓ BÀJẸ́*

Ọ̀pọ̀ yín rántí ariwo ọdún 2017 pé Fanta àti Sprite pọ̀ mọ́ Vitamin C di májèlé. Bó ṣe jẹ́ nìyí. Lọ́dún 2007, oníṣòwò kan ní Èkó kó ọtí méjèèjì tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ sí ìlú Ọba. Àwọn aláṣẹ níbẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n ní èròjà inú rẹ̀ ju ohun tí òfin àwọn gbà lọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó, ní oṣù kejì ọdún 2017 sì ni adájọ́ pàṣẹ fún NAFDAC pé kí wọ́n rí i pé ilé iṣẹ́ náà kọ ìkìlọ̀ nípa Vitamin C sára ìgò. Ilé iṣẹ́ náà ní ọtí àwọn kò léwu, wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìlera náà ní benzoic acid inú rẹ̀ kò kọjá mílígíráàmù 250 nínú lítà kan tí ìlànà Nàìjíríà gbà. Ti ìlú Ọba jẹ́ 150.

Kí ni benzoic acid? Òun àti sodium benzoate (210 àti 211) ni wọ́n ń fi sí ọtí kó má bàa bu. Fúnra wọn, wọn kò ṣe nǹkan ní ìwọ̀n tí òfin gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà nínú ìgò kan náà pẹ̀lú Vitamin C (300), tí oòrùn sì ń pa ìgò náà fún ọjọ́ pípẹ́, benzene díẹ̀ lè jáde nínú wọn. Benzene tó bá pọ̀ lára èèyàn fún ìgbà pípẹ́ lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ó wà nínú èéfín sìgá, ó wà nínú epo bẹntiróòlù pẹ̀lú. Láàárín ọdún 2005 sí 2007, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà yẹ ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìndòdò wò. Nínú èyí tó pọ̀ jù, benzene kò sí, tàbí kó kéré sí ohun tí wọ́n gbà nínú omi mímu. Wọ́n ní kí àwọn tó kọjá ààlà yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é padà, wọ́n sì yí i.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni oòrùn. Ẹ wo bí a ṣe ń to kéréètì mínírà sí gbangba láti ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ de ọjọ́ Sátidé ìnáwó. Ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ìgò wọn ti ń yá oòrùn láti oṣù tó kọjá. Ìyẹn ló yẹ ká yí padà.

Ní ti àwọ̀, lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Southampton fún àwọn ọmọ kéékèèké tí iye wọn sún mọ́ 300 ní ohun mímu tó ní àwọ̀ àtọwọ́dá àti sodium benzoate. Wọ́n rí i pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ń ṣe wọ́nranwọ̀nran, wọn kò lè fọkàn sí nǹkan kan bí ti tẹ́lẹ̀. Kò pọ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Síbẹ̀, láti oṣù keje ọdún 2010, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára ohun mímu tó bá ní irú àwọ̀ mẹ́fà náà. Sunset yellow (110) àti tartrazine (102) wà lára wọn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́, kó kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú fíláàsì tó ń gbé lọ sílé ìwé.

*6. OHUN TÍ MO BẸ̀ YÍN PÉ KÍ Ẹ ṢE*

Kìíní, ẹ jẹ́ kí omi wà níwájú ní òde wa. Nínú ìnáwó ẹgbẹ́, ẹ gbé omi sórí tábìlì àwọn àgbà kí ẹ tó gbé mínírà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé àfi bí ìyá àgbà bá bẹ̀bẹ̀ kó tó rí omi mu.

Èkejì, ẹ má to mínírà sínú oòrùn. Ẹ má ra èyí tí oòrùn ti pa. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC.

Ẹ̀kẹta, oògùn kóògùn, títí kan Vitamin C, omi ni kí ẹ fi gbé e mì.

Ẹ̀kẹrin, ọmọ tí kò tíì mọ mínírà, ẹ má fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kò bá fi kọ́ ahọ́n, kì í béèrè rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, èyí ṣe pàtàkì jù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kà á fún ẹni tí kò lè kà. Bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn, bá ṣàdédé ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. *Ní àsìkò yìí, "zero" kò lè gbà á.* Ṣúgà gidi ló nílò: ìdajì ìgò mínírà oníṣúgà 35cl, tàbí ṣíbí ìpotíì ṣúgà mẹ́rin nínú omi. Ẹ tún wọn ṣúgà rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún fún un. Bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má ṣe da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Ọba, ẹ rántí pé Lucozade ti dín ṣúgà inú ọtí rẹ̀ kù níbẹ̀ láti ọdún 2017, àwọn mìíràn náà sì ti dín tiwọn kù látìgbà tí owó orí ṣúgà ti dé lọ́dún 2018. Ìwọ̀n tí ẹ ń lò láyé ìjọ́un lè má tó mọ́. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ti dókítà yín. Òun ló mọ ẹ̀jẹ̀ yín, òun ló mọ kíndìnrín yín. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá dẹ́rù bà yín, títí kan èyí tí mo kọ yìí, ẹ mú un lọ bá a kí ẹ tó da oògùn tàbí oúnjẹ nù.

Ìlera loògùn ọrọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlọ́run kò ní fi adùn tí ọ̀fun wa ń gbádùn ṣe ìkorò fún ara wa. Ọmọ yóò sin wá, a kò ní fi ojú sunkún ọmọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn, mo yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, odindi rẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má gé e sí méjì.